Agídí kọ́ ni àbúrò yín ń ṣe

Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ní ẹkún àbúrò yín tó ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti dá, oorun rẹ̀ ti padà, síbẹ̀ bí ètò bá yí díẹ̀, ṣe ni yóò dúró gbagidi. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú kó nira fún ọpọlọ láti fi ọ̀nà kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, èyí sì lè ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìbànújẹ́ bá lọ.

Kì í rí bákan náà fún gbogbo èèyàn o. Ó sábà máa ń le jù fún àgbàlagbà, tàbí ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́.

Ẹ tètè máa sọ àyípadà fún un, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí ẹni tó di bàtà mú fún 20 ìṣẹ́jú torí a ní ká gba ọ̀nà mìíràn. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ oògùn ló bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró.