Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Nígbà Tí Àkókò Asáré Tuntun Kò Bá Dín Kù Mọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìdíje kìlómítà márùn-ún nìkan ni mo sì ti ń kópa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ń ti inú ìdíje kan bọ́ sí òmíràn ni àkókò mi ń dín kù, inú mi sì ń dùn púpọ̀. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni kò ti dín kù mọ́. Nínú ìdíje tí mo sá kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 33 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni mo lò, èyí tó pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Aago ọwọ́ mi fi hàn pé mo fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 sá kìlómítà kìíní. Ìkejì gbà mí ní 6:25, ìkẹta 6:55, ìkẹrin 7:25, ìkarùn-ún sì gbà mí ní 7:15. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń sáré lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń sá tagbáratagbára, torí mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ yára gbọ́dọ̀ máa sáré kíkankíkan. Ṣé ọjọ́ orí ló fà á ni, àbí mo ti dé òpin ohun tí ara mi lè ṣe?

Asáré Tuntun

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ àkókò kìlómítà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, nítorí inú nọ́ńbà márùn-ún yẹn gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn yín wà. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló dá yín dúró, ẹ kò sì tíì dé òpin agbára yín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ń sáré jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, ẹ sì tún ń sáré jù láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọjọ́ ìdíje. Bí a bá pín àkókò yín sí ọ̀nà márùn-ún, 6:44 ni yóò kan kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú kan yára ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú kìlómítà kìíní, ó sì dájú pé nígbà tí ẹ wo aago níbẹ̀, ẹ rò pé èrè ni ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fi máa dé kìlómítà kẹrin, ẹ ti ń lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 45 ju iye tí ẹ lò ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ nílò ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá fún un. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ó máa ń gba ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó ìṣẹ́jú bíi méjì kí wọ́n tó lè pèsè ohun tí ẹsẹ̀ ń béèrè, ìdí sì nìyẹn tí eré tó yá jù kì í fi í dà bí ẹni pé ó yá jù ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, pàápàá nígbà tí èrò pọ̀ lọ́tùn-ún lósì tí orí gbogbo èèyàn sì ń wú. Bí eré náà bá kọjá ohun tí ọ́síjìn tó ń wọlé lè gbé, ara yóò máa fi ọ̀nà mìíràn wá agbára, àwọn nǹkan tí ọ̀nà yẹn ń fi sílẹ̀ nínú iṣan á sì máa pọ̀ ju bí ara ṣe lè kó wọn kúrò lọ. Ẹsẹ̀ á wúwo, èémí á máa já, ìṣẹ́jú-àáyá tí a sì pàdánù lẹ́yìn náà á fi púpọ̀ ju èyí tí a jèrè lọ.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lágbàáyé pàápàá kì í sá a bí ẹ ṣe sá a. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ní ìlú Monaco, Joshua Cheptegei, ọmọ orílẹ̀-èdè Uganda, sá mítà 5,000 ní ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35.36, ó sì gba ipò àkọ́kọ́ nínú ìtàn eré náà. Bí a bá pín in, nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 31 ló kan kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kìlómítà rẹ̀ márààrún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba látòkè délẹ̀. Eré rẹ̀ kọjá tiwa lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n bó ṣe pín agbára rẹ̀ kò kọjá ohun tí asáré tuntun lè ṣe.

Nítorí náà, nínú ìdíje tó ń bọ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò nìyí. Ẹ sá kìlómítà kìíní ní 6:50, kódà bí gbogbo àwọn tí ẹ jọ gbéra bá ń kọjá lára yín. Yóò ṣòro fún yín láti fara dà á, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó máa dà bíi pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ wá sá kìlómítà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ní 6:35 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú yín sá èyí tó kẹ́yìn ní 6:25. Ìṣẹ́jú 33 géérégé ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Ẹ ó ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 40 dín àkókò yín kù láìjẹ́ pé ara yín lágbára ju bó ṣe wà lónìí lọ, ẹ ó sì máa kọjá lára àwọn ẹlòmíràn nínú kìlómítà tó kẹ́yìn dípò kí wọ́n máa kọjá lára yín.

Ti ìgbaradì ni ó wúwo lọ́kàn mi jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ asáré tuntun ti ń sọ ìfẹ́ eré yìí nù. Ẹ sọ pé tagbáratagbára ni ẹ máa ń sá gbogbo rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ìdíje ni ẹ ń sá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ sì ń fi ara tó ti rẹ̀ lọ sí ìdíje gidi. Ara kì í lágbára lásìkò tí a bá ń sáré. Ìgbà tí a bá sinmi tí a sì sùn ni ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Eré wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn èyí tí èèyàn lè máa sá kó sì máa bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn tó délẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, ni ó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún ẹni tó ń sá kìlómítà márùn-ún. Bí a bá ń ṣe é léraléra, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá lù á máa pọ̀ sí i, àwọn òpójẹ̀ tín-ín-tín tó yí iṣan ká á máa pọ̀ sí i, àwọn ohun wíńtíwíńtí inú iṣan tó ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára á sì máa pọ̀ sí i pẹ̀lú. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó nílò kí ẹ pa ara yín.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn ọ̀lẹ nìkan ni eré wọ́ọ́rọ́wọ́ wà fún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Arthur Lydiard, akọ́nimọ̀ọ́gbá ará New Zealand, kọ́ àwọn eléré ìje rẹ̀ láti máa sá ọ̀nà jíjìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan eré kíkankíkan. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1960 ní ìlú Róòmù, Murray Halberg tó ń kọ́ gba wúrà nínú eré mítà 5,000, Peter Snell tí òun náà ń kọ́ sì gba ti mítà 800, èyí tó jẹ́ eré tí kò tó ìṣẹ́jú méjì fún irú wọn.

Bí èmi bá ni mo ń ṣètò ọ̀sẹ̀ yín, ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ ń sáré kò ní yí padà fún ìgbà díẹ̀ ná. Méjì nínú rẹ̀ á jẹ́ eré wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀kan nínú méjì yìí á sì máa gùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá kìlómítà márùn-ún, kó lè tó méje tàbí mẹ́jọ tó bá yá, kí ìdíje yín má baà jẹ́ ọ̀nà tó jìn jù tí ẹsẹ̀ yín mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni ẹ ó fi eré kíkan sí i. Gösta Holmér, akọ́nimọ̀ọ́gbá ará Sweden, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 tí mo fẹ́ràn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kò nílò pápá ìṣeré, kò sì nílò ìdíwọ̀n kankan: èèyàn á máa sá lọ lójú ọ̀nà rẹ̀, á yára fún ìgbà díẹ̀, á rọra títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀, á sì tún yára. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi eré wọ́ọ́rọ́wọ́ mú ara yín gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè yára fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rọra fún méjì, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Eré kíkan náà kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí ẹ lè fi sá ìkẹfà bí ẹ ṣe sá ìkíní. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, tí ara bá gbà á, ẹ lè fi ọjọ́ kẹrin kún un, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kó sì jẹ́.

Ní ti ọjọ́ orí, òótọ́ ni pé agbára ara máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àmọ́ ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ogójì ọdún lè rí gbà láti inú ìgbaradì tó dára pọ̀ ju ohun tí ọjọ́ orí ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ẹ ní láti gbà ni pé àkókò kò ní máa dín kù bí ó ṣe dín kù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ara tí kò mọ eré rí ni eré ń yí padà kíákíá. Ara tó ti mọ̀ ọ́n á máa yí padà láti oṣù dé oṣù. Ẹ má sì fi àkókò ojú ọ̀nà tó ní òkè tàbí ti ọjọ́ tí ooru mú wé ti ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ní àárọ̀ tútù. Tí ooru bá mú, ara á máa darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ ara kó lè tutù, èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ iṣan á sì dín kù. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan pẹ́ jù lọ́jọ́ ooru lè ti sáré dáadáa ju bó ṣe sá tẹ́lẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀wọ́, aago ọwọ́ mi sọ pé kìlómítà 5.08 ni mo sá nínú ìdíje tí wọ́n pè ní kìlómítà márùn-ún. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni? Àti pé àkókò méjì ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi. Èwo ni kí n dì mú?

ÌDÁHÙN

Wọn kò rẹ́ yín jẹ. Àwọn tó ń wọn ojú ọ̀nà ìdíje tó bófin mu máa ń lo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so ohun èlò kékeré mọ́ lára táyà láti ka bó ṣe ń yí, ọ̀nà tó kúrú jù tí asáré lè gbà ni wọ́n sì ń wọ̀n, tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ etí ibi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Wọ́n tún máa ń fi mítà kan kún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan kí ojú ọ̀nà má baà kúrú. Ẹni tó bá ń gba ìta kọ́nà tó sì ń yà fún èèyàn á sá ju bẹ́ẹ̀ lọ, aago tó ń gba àmì láti ara sátẹ́láìtì á sì tún ṣìnà díẹ̀ láàárín ilé gíga àti lábẹ́ igi. Ohun tí ẹ lè ṣe sí i ni pé kí ẹ máa gba inú kọ́nà nígbà tí ọ̀nà bá ṣí. Ní ti àkókò méjì náà, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n yin ìbọn, èkejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni tiyín.

ÌBÉÈRÈ

Ìṣẹ́jú 30 ni mo fi ń sá kìlómítà márùn-ún báyìí. Mo fẹ́ dán kìlómítà mẹ́wàá wò. Ṣé kí n máa retí wákàtí kan?

ÌDÁHÙN

Ẹ fi díẹ̀ kún un. Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Pete Riegel, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn asáré ṣì ń lò káàkiri ayé, ó sì fi hàn pé bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò á fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Fún yín, nǹkan bí ìṣẹ́jú 62 àti ààbọ̀ ni, ìyẹn 6:15 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbára dì fún kìlómítà mẹ́wàá ni ìṣirò yìí wà fún. Bí èyí tó gùn jù nínú eré ọ̀sẹ̀ yín kò bá tíì tó kìlómítà mẹ́jọ, ẹ sún ìdíje náà síwájú.

ÌBÉÈRÈ

Eegun ojúgun mi ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti fi kún eré mi. Ṣé kí n máa sá a lọ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN

Rárá o. Ọkàn àti èémí máa ń tètè lágbára ju eegun àti àwọn okùn tó so iṣan mọ́ eegun lọ, nítorí náà ni ojúgun fi máa ń jìyà nígbà tí èémí bá ti ń sọ pé ká máa lọ. Bí ìrora náà bá tàn ká ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun, ẹ dín eré kù gan-an fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀ tí ìyẹn kò bá dùn yín, kí ẹ sì wo bàtà yín bóyá ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan pàtó tí ìka lè tọ́ka sí ló ń dùn yín, tí ó ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré, tàbí tí ó ń dùn yín lóru lórí ibùsùn, ó lè jẹ́ pé eegun ti sán. Ẹ má sáré mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ máa sá ìṣẹ́jú kan kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un.