Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Nílùú Tuntun, Nígbà Tí Oorun Ò Tíì Bá Yín Débẹ̀

Ìbéèrè

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, pẹ̀lú ìyá ọkọ mi, fẹ́ lọ lo ọjọ́ 9 ní ìlú kan tí a kò dé rí. Aago ibẹ̀ fi wákàtí 8 ṣíwájú tiwa, aago 7 àárọ̀ sì ni bààlúù wa máa balẹ̀. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 9, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 5, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 10. Bàbá wọn ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì ibi mẹ́ta tí a máa lọ lọ́jọ́ tí a bá dé gan-an. Ó ní tí a bá ti fi gbogbo ọjọ́ rìn, tó rẹ̀ wá dáadáa, oorun á gbé wa lọ lálẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí. Àmọ́ nígbà tí a rin irú ìrìn yìí kẹ́yìn, òru làwọn ọmọ ń ṣeré, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀, ìsinmi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ojú wọn tó wálẹ̀. Báwo la ṣe lè ṣe é tí a ó fi gbádùn ìlú náà?

Ìdáhùn

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ohun tí bàbá wọn sọ yẹn, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló gbà á gbọ́, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀, torí kò yẹ kí ẹ sé ara yín mọ́lé. Wákàtí tó fẹ́ kí ẹ jáde ni mo fẹ́ bá a dù. Nínú irú ìrìn tiyín yìí, ṣe ló yẹ kí ẹ sá fún ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wá a lọ ní ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ẹni tó bá ti mọ ìdí rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣètò àwọn ọjọ́ yòókù.

Nínú ọpọlọ, lókè díẹ̀ sí ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kóra jọ síbẹ̀ tí wọn ò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Àwọn ni aago àgbà tó wà nínú ara. Wọ́n ń pinnu ìgbà tí ara máa gbóná díẹ̀ àti ìgbà tó máa tutù, ìgbà tí ebi máa pa wá, àti ìgbà tí melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́, máa tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun náà ní aago kéékèèké tiwọn tó ń tẹ̀ lé ti àgbà yìí. Iṣẹ́ ìwádìí lórí bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe lára eṣinṣin èso, ni Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017.

Bààlúù lè gbé èèyàn kọjá wákàtí 8 láàárín ọjọ́ kan. Aago àgbà yìí kò lè sáré bẹ́ẹ̀. Tí a bá forí lé ìlà-oòrùn, bí irú ìrìn tiyín yìí, nǹkan bí wákàtí kan lóòjọ́ ló máa ń sún. Tí a bá forí lé ìwọ̀-oòrùn, ó máa ń yá díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé yípo kan aago ara ọ̀pọ̀ èèyàn fi díẹ̀ lé ní wákàtí 24, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti pẹ́ sùn ju kó tètè sùn lọ. Wàhálà tí àwọn èèyàn ń pè ní jet lag kò ju ìyẹn lọ: ẹsẹ̀ ti dé, aago inú orí ṣì wà lọ́nà. Nítorí náà, kò sí ọgbọ́n tí mo lè kọ́ yín tí ojú gbogbo ilé á fi wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni kí aago náà gba iwájú, kó má lọ gba ẹ̀yìn.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń sún un, pàápàá ìmọ́lẹ̀ ìta gbangba, tó lágbára ju ti iná inú ilé lọ fíìfíì kódà nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà yìí lè tì í síwájú, ó sì lè fà á sẹ́yìn. Wákàtí tó bá wọlé sí wa lójú ló ń pinnu èyí. Lóru, bíi wákàtí 2 sí 3 ṣáájú ìgbà tí èèyàn máa ń jí, ara máa ń tutù ju ìgbàkigbà lọ. Ẹ jẹ́ ká pe ìgbà yẹn ní ọ̀gànjọ́ ara. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ máa ń sún aago síwájú. Èyí tó bá dé ṣáájú rẹ̀ máa ń dá aago padà sẹ́yìn, torí ara gbà pé ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ ò tíì ṣú tán.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ká ní aago 7 àárọ̀ lẹ máa ń jí nílé, ọ̀gànjọ́ ara yín á bọ́ sí nǹkan bí aago 4 sí 5 ìdájí. Ẹ fi wákàtí 8 kún un, ó di aago 12 sí 1 ọ̀sán ní ìlú tí ẹ ń lọ. Tí bààlúù yín bá balẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, aago 11 alẹ́ ló ṣì jẹ́ nínú ara yín. Tí ẹ bá wá fi àárọ̀ yẹn rìn kiri nínú oòrùn, ara yín kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ìlú tuntun ló mọ́. Á rò pé ẹ kọ̀ láti lọ sùn nílé ni, aago á sì fà sẹ́yìn, síbi tí ẹ kò lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó bá yín lálejò nìyẹn nígbà tó kọjá.

Ètò tí mo máa ṣe fún yín rèé. Láti pápákọ̀ òfurufú, kí àwọn àgbà fi jígí oòrùn sójú, kí àwọn ọmọ dé fìlà tó ní ìbòjú, kí ẹ sì lọ tààrà síbi tí ẹ máa sùn. Ẹ fa kọ́tìnnì, kí yàrá ṣókùnkùn, kí gbogbo yín sùn díẹ̀: àgbà wákàtí kan àbọ̀, ọmọdé wákàtí 2. Kò gbọdọ̀ kọjá aago 12 àbọ̀ ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni fi ṣì wà lórí ibùsùn. Jíjí yẹn máa le o, torí inú ọ̀gànjọ́ ara lẹ ti ń jí wọn, àwọn ọmọ sì lè sunkún. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù wọ́n lójú, ẹ gbé oúnjẹ fún wọn, ẹ má bá wọn jà. Tó bá ti di aago 1, ẹ bọ́ síta, kí ẹ má sì tètè wọlé títí di aago 4 tàbí 5.

Ibi tí ètò yìí ti máa ń bàjẹ́ ni yàrá. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í fún àlejò ní yàrá ṣáájú aago 2 tàbí 3 ọ̀sán, ìdílé tó dé láàárọ̀ á wá máa fi ẹrù ṣe ìrọ̀rí níbi ìgbàlejò. Ẹ kọ̀wé sí wọn láti ìsinsìnyí, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè wọlé láàárọ̀. Tí wọn ò bá gbà, tí agbára bá sì gbé e, ẹ sanwó alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa dé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àárọ̀ lẹ ń bọ̀, kí wọ́n má baà fi yàrá náà fún ẹlòmíì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn, ibí yìí ni mo fẹ́ kí bàbá wọn kó o sí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n sùn di aago 10 nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ jáde ní aago 12. Ọjọ́ kẹta, aago 11. Ọjọ́ kẹrin, aago 10. Ọjọ́ karùn-ún, aago 9, láti ìgbà náà lọ ẹ lè máa jáde láàárọ̀ bíi ti ará ìlú. Tó bá jẹ́ pé aago 6 làwọn ọmọ máa ń jí nílé, ẹ yọ wákàtí kan nínú gbogbo ìṣirò yìí. Ìyẹn ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ní wákàtí lára, ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ti àárọ̀ kí ó dúró di ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ 9 lẹ ní. Àyè wà.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má wá ibi tó lókìkí. Ẹ wá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé láti ilé, tó wà ní gbangba, tí àwọn ọmọ ti lè sáré: ọgbà ìgbafẹ́, etí omi, àdúgbò tí ọkọ̀ kì í gbà. Ẹ fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ọkọ̀ tó ń gbé àlejò yí ìlú ká sí ẹ̀yìn. Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sábà máa ń rí bàìbàì, ìjókòó ọkọ̀ sì ń mì jẹ́jẹ́. Kò sí ọmọ tí oorun ń kùn tí kò ní sùn níbẹ̀, oorun aago 4 ìrọ̀lẹ́ yẹn ló sì ń di eré òru. Ohun kan ṣoṣo tó tó fojú rí lóòjọ́ ti tó. Ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ wọ̀ sí sínú ìwé, kí ẹ fi sápò àwọn ọmọ méjèèjì, torí àgbà tí oorun ń kùn kì í ṣọ́ ọmọ dáadáa. Nítorí oorun kan náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má wa ọkọ̀ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹni tí kò sùn tó lè tòògbé lórí ọkọ̀ láìmọ̀ rárá, ká má tíì sọ pé ọ̀nà náà ṣàjèjì sí i.

Òru máa nira, mi ò ní purọ́ fún yín. Aago 9 alẹ́ níbẹ̀, aago 1 ọ̀sán ni nínú ara. Àárẹ̀ lè mú kí wọ́n sùn, kí wọ́n sì là lójú ní aago 1 tàbí 2 òru. Ẹ má tan iná ńlá, ẹ má gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́. Iná kékeré kan ti tó, kí ẹ ka ìwé fún wọn tàbí kí wọ́n ya àwòrán. Tí ebi bá ń pa wọ́n, ẹ fún wọn ní ìpápánu, torí àkókò oúnjẹ ni nínú ikùn wọn. Kí àgbà kan ṣoṣo jí sí wọn, kí ìyókù máa sùn, kí ẹ sì ti pín in láti ọ̀sán: èmi lálẹ́ òní, ìwọ lọ́la. Ìdílé tí gbogbo àgbà jọ ń jí lóru, gbogbo wọn ni yóò máa kanra mọ́ra wọn lọ́sàn-án.

Àbíkẹ́yìn yín ti ní aago tirẹ̀, torí ọmọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán láàárín oṣù 3 sí 4. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tó ń ràn yín lọ́wọ́ máa ran òun náà lọ́wọ́. Ẹ fún un lọ́mú bó bá ṣe béèrè. Wàrà ọmú òru gan-an ní melatonin nínú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nípa rẹ̀ ni pé kó ní ibùsùn tirẹ̀. Ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì gbé ibùsùn ọmọdé sí yàrá. Òbí tí àárẹ̀ ti mú tó gbé ọmọ jòjòló sí àyà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lè sùn lọ, ìyẹn sì léwu fún ọmọ púpọ̀.

Oògùn melatonin ńkọ́? Fún àgbà, ìwọ̀nba díẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò àtisùn ní ìlú tuntun, fún alẹ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, lè ṣèrànwọ́. Wọ́n ń tà á lórí igbá ní Amẹ́ríkà, ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Mi ò ní kí ẹ fún ọmọ kankan láìjẹ́ pé dókítà ọmọdé tó mọ̀ ọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Kọfí tiyín náà kò gbọdọ̀ kọjá aago 2 ọ̀sán, torí lẹ́yìn bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí màmá àgbà rí dókítà wọn kí ẹ tó gbéra. Tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí dókítà kọ wákàtí tí wọ́n á máa lò ó ní ìlú tuntun sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè kí wọ́n tó fi melatonin kún un. Nínú bààlúù, kí wọ́n máa dìde rìn. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn wọ́n lẹ́yìn ìrìn náà, tàbí tí èémí ń hán wọn, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Tí iṣẹ́ àti ilé ìwé bá gbà yín láyè, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé: fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi wákàtí kan tètè sùn sí i lójoojúmọ́, kí ẹ tètè jí bákan náà, kí ẹ sì jáde sínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Wákàtí tí ẹ bá rí jèrè nílé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ti ọ̀hún. Nígbà àbọ̀, ìwọ̀-oòrùn lẹ ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á yí padà: oorun á máa kùn yín láti ìrọ̀lẹ́, ojú á sì máa là ní ìdájí. Nígbà náà, ẹ wà níta títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ sì fi ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta sí àárín ọjọ́ tí ẹ bá dé àti ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa padà sílé ìwé.