Powerline nínú ilé àtijọ́: wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá powerline (ẹ̀rọ méjì tí à ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí nẹ́tíwọ̀kì lè gba inú wáyà iná ilé kọjá) á ṣiṣẹ́ nínú ilé bàbá yín n'Íbàdàn, tí rúútà wà ní pálọ̀ tí Wi-Fi ò sì dé yàrá ẹ̀yìn, á ṣiṣẹ́ o. Irú ilé yẹn gan-an lèmi náà ń gbé ní Mọ́kọ́lá, ògiri ẹ̀ nípọn, wáyà inú ẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, powerline náà ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí 1200 Mbps tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín jẹ, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ò ju bíi 40 sí 60 lọ, ó sì tó mi lò fún Zoom.

Fèsì iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Tó bá jẹ́ fèsì mẹ́ta ló wọlé, tí pálọ̀ wà lórí ọ̀kan tí yàrá ẹ̀yìn wà lórí òmíì, á ti rẹ sígínàà yẹn kó tó dé, nígbà míì kò tiẹ̀ ní dé rárá. Nílé wa, ìgbà tí NEPA bá mú fèsì kan lọ tí a wá kó gbogbo ẹ̀ sórí ẹyọ kan ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń yá jù, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo wá ní kí ẹlẹ́tíríṣíàn kó sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì sórí fèsì kan náà. Tẹ́ ẹ bá ní ìnfátà, kí méjèèjì wà lórí ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti mú iná, ọ̀kan á kú.

Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà ni kí ẹ ki powerline bọ̀. Ẹ̀kísítẹ́ńṣàn tó ní surge protector àti stabilizer máa ń sẹ́ sígínàà yẹn dànù ni. Tí wáyà yín ò bá ní earth, ẹ má náwó sí èyí tí wọ́n ń pè ní MIMO, torí earth yẹn ló fi ń ṣe ọ̀nà kejì.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí: sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbóná tàbí tó ń ta iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ki nǹkankan bọ̀ ọ́, ẹ pe ẹlẹ́tíríṣíàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Powerline wa máa ń já ṣáá, ìgbà tí wọ́n tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀ la rí i pé wáyà neutral ti dẹ̀, ara ẹ̀ ti dúdú. Wọ́n dè é padà, nẹ́tíwọ̀kì dúró, àmọ́ ilé tí ò jóná ni mo ń dúpẹ́ fún, màmá mi ń sùn nínú yàrá tó kọjú sí i.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Pair lára méjèèjì tí aládùúgbò ò fi ní bá yín lò ó. Tó bá sì jẹ́ pé BQ lẹ fẹ́ gbé e lọ, tí mítà iná tiẹ̀ dá wà, ẹ gbàgbé powerline, ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì Cat6 tí wọ́n ṣe fún ìta gba ara ògiri, ó lè lọ tó 100 mítà.