Mú ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo, kí o mọ̀ ọ́n tinú-tòde

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ ni pé olùdíje tí ọkàn rẹ fà sí fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ kò lówó, ìwọ náà kò ní owó tí o lè fi ràn án lọ́wọ́, ọjọ́ Sátidé nìkan ni o sì ń ráyè. O wá fẹ́ mọ ohun tí ẹni bíi tìrẹ lè ṣe tí yóò já mọ́ nǹkan. Mo yọ̀ǹda ara mi fún irú olùdíje bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ṣí ìpolongo ìbò ìpínlẹ̀, títí wọ́n fi ka èsì ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Olùdíje wa kò wọlé, ṣùgbọ́n a borí ní àwọn ibùdó tí a ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ pé kí o mú ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo ní àdúgbò rẹ, kí o sì mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìwọ́de, fìlà ẹgbẹ́ àti lílẹ àwòrán mọ́ ògiri ni ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda máa ń sáré sí. Ó ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí ó yẹ kí ará ìlú dá ojú olùdíje mọ̀. Ṣùgbọ́n owó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì lówó jù yín lọ yóò lẹ tirẹ̀ bo tiyín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí owó kì í sábà rí rà ni ẹni tí ó mọ àwọn ilé àdúgbò lẹ́sẹẹsẹ, tí ó mọ ẹni tí káàdì ìdìbò rẹ̀ ti sọnù, ẹni tí ó ti kó lọ tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní ibùdó àtijọ́, àti ìyá àgbà tí yóò dìbò bí ó bá rí ẹni mú un dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìdìbò ọdún 2023, olùdìbò 93,469,008 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé INEC, ṣùgbọ́n káàdì 87,209,007 ni àwọn tó ni wọ́n gbà. Àwọn tó ṣẹ́kù, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, kò lè dìbò, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn olùdíje tó. Ní àdúgbò wa, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kò sì lè fi odindi ọjọ́ kan dúró lórí ìlà. A kò lè bá wọn gba káàdì, nítorí INEC kò gbà kí ẹnìkan gba ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n a lè jókòó ti ìsọ̀ wọn títí wọn yóò fi lọ tí wọn yóò sì dé, ìyẹn náà ni a sì ṣe.

Bí o bá ń lọ láti ilé dé ilé, gbọ́ ju bí o ṣe ń sọ lọ. Aránṣọ kan jẹ́ kí a dúró títí ó fi rán apá bùbá kan tán kí ó tó gbójú sókè, ó wá bi wá bóyá olùdíje wa mọ̀ pé gọ́tà iwájú ìsọ̀ òun ti dí láti ìgbà òjò. Ẹni tí a jọ lọ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí. Mo fọwọ́ kàn án. Mo ṣàlàyé fún obìnrin náà pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gọ́tà, pé ohun tí aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe ni kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde kí ó sì tẹ̀ lé e, a kọ ọ́ sílẹ̀, olùdíje fúnra rẹ̀ sì padà wá wò ó. Aránṣọ náà kò ṣèlérí ìbò fún wa, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ránṣẹ́ pè wá sí ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Wọn yóò tún bi ọ́ pé èló ni ẹ mú wá. Má ṣe bínú sí ẹni tí ebi ń pa. Sọ fún un tààrà pé ẹ kì í ṣe dìbò-kóo-sebẹ̀, pé òfin mú ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà, àti pé ẹni tó bá san owó ìbò gbà pé òun kò jẹ ọ́ ní gbèsè mọ́.

INEC sún ìdìbò ìpínlẹ̀ láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ọ̀sẹ̀ yẹn le fún àwa tí kò lówó lọ́wọ́, nítorí àwọn tó ń retí owó iṣẹ́ bá ibòmíràn lọ, àwọn ará àdúgbò ló sì dúró tì wá.

Bí o bá fẹ́ jẹ́ ejẹ́ǹtì, ìyẹn aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò, orúkọ àti fọ́tò rẹ gbọ́dọ̀ ti wà lára èyí tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí INEC ṣáájú. Má wọ ohunkóhun tó ní àmì ẹgbẹ́, nítorí ìpolongo kò sí láàárín mítà 300 sí ibùdó lọ́jọ́ náà. Dé kí aago 8:30 tó lù. Bí ìdìbò bá parí, kọ iye ènìyàn tí BVAS, ẹ̀rọ tí ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò sílẹ̀ kí wọ́n tó ka ìbò, nítorí lábẹ́ òfin ìdìbò, bí ìbò bá pọ̀ ju iye yẹn lọ, ńṣe ni wọn yóò fagi lé ìdìbò ibùdó náà. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù EC8A, tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó sí, ni kí o tẹjú mọ́. Ní ibùdó tí mo wà, iná fóònù ni a fi ń ríran nígbà tí ọ̀gá ibùdó ń kọ èsì; ó ti rẹ̀ ẹ́, iye tó fi nọ́ńbà kọ kò sì bá èyí tó fi ọ̀rọ̀ kọ mu. Mo fi sùúrù tọ́ka sí i, ó ṣàtúnṣe, ó buwọ́ lù ú. Gba ẹ̀dà tìrẹ, ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì tẹ̀ lé èsì náà dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àkójọ ti wọ́ọ̀dù.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, lọ bá alákòóso ẹgbẹ́ olùdíje rẹ ní wọ́ọ̀dù. Béèrè bóyá wọ́n ní ìwé orúkọ olùdìbò ibùdó rẹ, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ejẹ́ǹtì níbẹ̀. Bí wọn kò bá tíì ní ẹnìkankan, fi orúkọ tìrẹ sílẹ̀.