Ọmọ mẹ́rin, tábìlì kan: ẹ má dá ilé-ìwé mẹ́rin sílẹ̀ nínú ilé kan

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ ọdún 11, 8, 5 àti 2 lẹ ń kọ́ nílé ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ẹ ń lo ìṣẹ́jú 40 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ sì ń ṣú bá yín lẹ́nu rẹ̀. Kò lè ṣàì ṣú. Olùkọ́ tó ní ogójì ọmọ níwájú ló nílò ìṣẹ́jú 40. Ọmọ kan ṣoṣo tó jókòó tì yín, ìṣẹ́jú 15 tó o ní ọdún 5, ìṣẹ́jú 20 sí 25 sì tó o ní ọdún 8.

Ìwé kíkà àti ìṣirò nìkan ni kí ẹ pín fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìtàn, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ nípa ìlú, ẹ kọ́ gbogbo wọn pa pọ̀, iṣẹ́ tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ wọn ni kó yàtọ̀.

Láàárọ̀, ọ̀dọ̀ kékeré ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ìdánwò máa ń mú kí òbí kọ́kọ́ mú àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 5 tó ti fi wákàtí kan dúró, ọkàn rẹ̀ ti lọ sí òde. Bí ó bá di aago 8, òun ló wà lọ́dọ̀ yín. Àwọn méjì yòókù ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ ti kọ sínú ìwé wọn lálẹ́ àná. Iṣẹ́ ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Tí ẹ bá fi ẹ̀kọ́ tuntun síbẹ̀, “Mọ́mì, ẹ wò ó” kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn. Èyí tó bá ta kókó, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n bọ́ sí èyí tó kàn.

Ti ọmọ ọdún 2: báàfù tí omi inú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, agolo mílíìkì òfìfo méjì tí yóò fi máa bu omi ṣeré, ní ibi tí ojú yín ti tó o. Ẹ da omi náà nù tí ẹ bá dìde. Ẹ tún ya àpò ìṣeré kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ pé àsìkò ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò máa jáde. Tó bá wà nílẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò ní ṣe é lóore mọ́.

Ìṣirò ọmọ ọdún 5, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, ẹ kọ 0 dé 20 sí i, kó máa fò lórí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ibí yìí dáadáa: tó bá dúró lórí 3 tí ẹ ní kó fi 4 kún un, yóò ka 3 tó dúró lé gẹ́gẹ́ bí “ení”, yóò sì balẹ̀ sórí 6. Ẹ má sọ pé kò mọ ìṣirò. Ibùdúró ló ń kà, kì í ṣe ìfò. Ẹ ní kó pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá fò, kó máa ka àtẹ́wọ́. Ní ti ìwé kíkà, ẹ jẹ́ kí Yorùbá ṣáájú, nítorí lẹ́tà kan, ìró kan ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ̀yin náà, ẹ máa fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé fún un, àbí báwo ni yóò ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Ẹ̀kọ́ àpapọ̀ wá rọrùn ní Òṣogbo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kó wọn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, kì í ṣe nínú oṣù Kẹjọ tí èrò ọdún Ọ̀ṣun pọ̀. Ọmọ ọdún 5 yóò ya ère kan, yóò sì ka igi. Ọmọ ọdún 8, ẹ sọ fún un pé Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó ṣe púpọ̀ nínú àwọn ère náà, ni wọ́n bí ní 1915, ó sì kú ní 2009: ọmọ ọdún mélòó ni? Yóò ní 94. Ẹ wá jẹ́ kó mọ̀ pé oṣù Keje ni wọ́n bí i, oṣù Kìn-ín-ní ló kú, kó tún un ṣe: 93. Ìyọkúrò nìkan kò tó níbẹ̀. Àgbà ní tirẹ̀: igbó náà, tí UNESCO kọ sínú ìwé Ogún Àgbáyé ní 2005, tó hẹ́kítà 75, pápá bọ́ọ̀lù tó gùn ní mítà 105, tó sì fẹ̀ ní mítà 68, mélòó ló lè gbà? Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́rin, ó wá di 750,000 tí a pín sí 7,140, nǹkan bíi 105. Ibi tó ti máa ń ṣìnà ni kó gbàgbé láti yí hẹ́kítà padà.

Ẹ má sọ àgbà di olùkọ́ o. Kó gbọ́ ìwé kíkà àbúrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó. Ìdánwò kọ́mọ́n ẹ́ńtíránsì wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ pé ilé ni wọn yóò parí sí lè ṣe WAEC bí ẹni tí kò sí nílé-ìwé. Ẹ má sì gbé ẹ̀kọ́ kankan ka orí fídíò nìkan. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ iná wa.

Ọjọ́ Ẹtì, ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan tuntun. Àwọn iṣẹ́ tó ní àmì nínú ìwé ni kí ẹ jọ tún ṣe, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó ìwé ti sáà kọ̀ọ̀kan pa mọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Tí wọ́n bá fẹ́ wọlé sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kan, fáìlì yẹn lẹ ó gbé síwájú ọ̀gá.