Ọmọ tí bàbá ẹ̀ wà lọ́nà jíjìn: ohun tójú mi rí

Àǹtí mi, ẹ ní bàbá ọmọ yín ti kó lọ sọ́nà jíjìn, ẹ wá ń bèèrè bí ẹ ṣe máa pín ọlidé ọmọ. Ní tèmi, èmi gan-an ni bàbá tó jìnnà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà tí èmi àti ìyá ọmọ mi pínyà, lọ́yà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ilé ẹjọ́ ti ní kí n máa rí ọmọ "ní àkókò tó bá bójú mu". Ojú ta ni? Kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sí aago, wọn ò sọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Mo padà lọ bá a, ó ní ká lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé a lè yanjú ẹ̀ láàárín ara wa, kí la wá dé ọ́fíìsì ẹ̀?

Ọmọ ò ju ọdún 5 lọ nígbà yẹn. Mo máa pè é lórí fídíò, á kí mi, mo máa bi í pé kí lẹ ṣe níléèwé lónìí, á ní kò sí, ló tán, ó ti sá kúrò nídìí fóònù. Bó ṣe rí nìyẹn fún bí oṣù 8. Ìgbà míì mo máa jókòó ti fóònù títí, wọn ò ní gbé e. Mo gbà pé ìyá ẹ̀ ló ń kọ́ ọ, mo wá ń fi ìbínú tẹ mẹ́sèèjì gbọọrọ ránṣẹ́ lóru, àwọn mẹ́sèèjì yẹn náà ni lọ́yà ìyá ẹ̀ kà sétí adájọ́ nígbà tó yá. Ẹ jọ̀ọ́, tínú bá ń bí yín, ẹ má tẹ nǹkankan. Àṣé aago ìlú tí mo wà ò bá tiwọn mu, ìgbà tí mo ń pè, oorun ti ń kun ọmọ. Ìbéèrè náà sì ti sú u. Ìgbà tí mo ra ìwé ìtàn kan náà ní méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, tí mo ń kà á tó ń ṣí ojú ewé tẹ̀lé mi, òun fúnra ẹ̀ ló wá ń bèèrè fóònù. Ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tó.

Ẹ̀n-ẹ́n, tọ́mọ bá máa kọjá bọ́dà, ẹ kọ lẹ́tà àṣẹ tí òbí tí ò bá a lọ buwọ́ lù, kí ọjọ́ àlọ àti àbọ̀ wà níbẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀, wọ́n dá èmi àtọmọ dúró títí bàálù fi gbéra, lọ́yà tó gbowó mi ò sọ ọ́ rí. Ẹ sì wádìí bóyá orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú àdéhùn Hague ti 1980 lórí gbígbé ọmọ lọ láìgbàṣẹ. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè dá ọmọ tí ò tíì pé 16 padà síbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, kò lè gbà yín.

Ọlidé tẹ́ ẹ bèèrè ò le: ẹ gba kàlẹ́ńdà iléèwé, ẹ fún ẹni tó jìnnà ní èyí tó gùn jù, torí ọ̀dọ̀ yín lọmọ ti ń lo ọjọ́ yòókù, àwọn kúkúrú, ẹ máa gbà á ní ọdún-kan-ọdún-kan: tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́dún yìí, kí bàbá ẹ̀ gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́, aago, owó ọkọ̀, ẹni tó máa lọ gbé e, gbogbo ẹ̀ kó wọnú ìwé tí adájọ́ máa buwọ́ lù.

Tó bá sì padà dé tó ń sunkún fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ má tètè ní bàbá ẹ̀ fìyà jẹ ẹ́. Tèmi máa ń sunkún tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, á tún sunkún tó bá ń lọ.