Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Kọ̀ǹpútà Tó Bá Ọwọ́ Mu

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé ní Àbújá níbí, iṣẹ́ akọ̀wé ni mo sì ń ṣe. Wọ́n máa ń gba ohùn àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé sílẹ̀, èmi ni mo sì máa ń gbọ́ ọ tí mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ogún ojú ìwé lóòjọ́. Èmi náà ni mo tún ń tẹ ìwé ètò ìsìn ìjọ wa lédè Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti gbó, mo sì ti tọ́jú owó òmíràn. Méjì ni mo rí ní Banex, ní Wuse 2, tí owó wọn kò jìnnà síra: tuntun kan tó fẹ́lẹ́ gan-an, àti ThinkPad tòkunbọ̀ kan tó nípọn díẹ̀. Ọmọ mi ní tuntun ni kí n rà nítorí pé agbára rẹ̀ ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀, ó dà bí ẹni pé orí tábìlì lásán ni mo ń fi ìka gbá. Ṣé ó bójú mu kí ènìyàn torí bọ́tìnnì yan kọ̀ǹpútà?
Òǹkàwé yín, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ó bójú mu dáadáa, ìyá wa. Fún irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí, n kò rí ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ojú ìwé kan tó kún dáadáa kì í jìnnà sí ìtẹ̀ 2,000, bí a bá ka lẹ́tà àti àlàfo pọ̀, bí ẹ bá wá tẹ ogún ojú ìwé, ìka yín ti lọ sílẹ̀, ó ti gòkè, ní ìgbà 40,000 kí ilẹ̀ tó ṣú. Agbára tí ọmọ yín ń sọ, ẹni tó ń to fídíò tàbí tó ń ya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà ni yóò jàǹfààní rẹ̀ jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ títẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà òde òní lára. Ọwọ́ yín ni yóò ni lára.

Ohun tí ìka yín sọ fún yín ní Banex, òótọ́ ni. Lábẹ́ bọ́tìnnì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ike tín-ín-rín méjì ló gbé ara wọn kọjá bí ẹnu àlùmọ́gàjí, rọ́bà kékeré kan sì wà láàrin wọn tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì náà, rọ́bà yìí yóò kọ́kọ́ ta ko ìka yín díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó bá tẹ̀ wọlé yẹn ni ìka máa ń mọ̀ pé lẹ́tà ti wọlé, láìjẹ́ pé ojú wò ó. Bí ìrìn bọ́tìnnì, ìyẹn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ tó, bá kúrú jù, ìka kò ní rí àyè mọ ìyàtọ̀ yìí, ńṣe ni yóò kàn máa forí sọlẹ̀ líle ní gbogbo ìgbà. Kíbọ́ọ̀dù ńlá ti orí tábìlì sábà máa ń rìn tó mìlímítà mẹ́rin, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ti òde òní wà láàrin mìlímítà kan sí kan àti ààbọ̀, àwọn ThinkPad àtijọ́ sì máa ń súnmọ́ méjì. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 40,000 kí ẹ wá wò ó.

Kódà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2015, Apple gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká MacBook kan jáde tí bọ́tìnnì rẹ̀ kì í rìn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Ó wu ojú púpọ̀, ṣùgbọ́n eruku bíńtín tó bá kó sábẹ́ rẹ̀ lè mú kí lẹ́tà kan jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí kó má jáde rárá. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2018, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò máa tún irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2019, ó padà sí bọ́tìnnì alálùmọ́gàjí nínú MacBook Pro onínǹṣì 16. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi MacBook tòkunbọ̀ ti àwọn ọdún wọ̀nyẹn lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú bọ́tìnnì tó wà nínú rẹ̀.

Èmi náà ti fi ojú ra kọ̀ǹpútà rí. Ó dán, ó fúyẹ́, mo sì dúró níwájú káńtà, mo tẹ orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo sanwó. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ ọlọ́jà kó fún yín ní àpótí kan kí ẹ jókòó, nítorí pé ẹni tó dúró níwájú káńtà gíga kò lè mọ bí ọwọ́ òun yóò ṣe rí nínú ilé. Ẹ mú ojú ìwé kan lọ nínú iṣẹ́ yín gan-an, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 láìwo ọwọ́, kí ẹ sì ka àṣìṣe yín lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ẹ fi ìka kan tẹ igun bọ́tìnnì E nìkan, ní jẹ́jẹ́: bí ó bá dára, gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ sílẹ̀ pọ̀, bí kò bá dára, apá kan yóò rì, apá kejì yóò sì gbéra sókè. Ẹ tún tẹ àárín G àti H mọ́lẹ̀ díẹ̀, bóyá pátákó náà yóò rì bíi fóòmù.

Ti tòkunbọ̀ nílò ojú mìíràn pẹ̀lú. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà sórí ibi tó tẹ́jú. Bí ó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, tàbí tí àárín kíbọ́ọ̀dù ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ó ṣeé ṣe kí bátìrì ti wú nínú rẹ̀. Ẹ dìde níbẹ̀, nítorí pé bátìrì tó wú lè gbiná. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, bọ́tìnnì Enter rẹ̀ yóò ga, Shift apá òsì yóò kúrú, àmì owó pọ́n-ùn yóò sì wà lórí 3. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọńdinrín yín yóò sì ṣi ọ̀nà fún ọjọ́ mélòó kan bí kò bá mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìn yín ló jẹ mí lógún jù. Ẹni tó bá kọ "oro" láìsí àmì tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta. Ẹni tó kọ "ọ̀rọ̀" bó ṣe yẹ kò lè tẹ̀ ẹ́ dín ní márùn-ún, nítorí pé àmì ohùn orí ọ̀ ní ìtẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, Backspace sábà máa ń yọ àmì kúrò kó tó yọ lẹ́tà. Ẹni tó ń kọ Yorùbá lọ́nà tó tọ́ ń lo kíbọ́ọ̀dù ju ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nítorí náà, Backspace gbọ́dọ̀ tóbi, Alt apá ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí àtàǹpàkò lè dé, nítorí pé àwọn ètò kan tí a fi ń tẹ àmì ń lò ó. Ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín tan án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Bí bátìrì àti bọ́tìnnì ThinkPad náà bá yege, òun ni èmi yóò rà. Ẹ má torí orúkọ rà á ṣá, nítorí pé ìrìn bọ́tìnnì àwọn ThinkPad tuntun kan náà ti kúrú sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Sábó, ní Kánò. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku a máa mú kí bọ́tìnnì mi lẹ̀. Ṣé kí n ra rọ́bà tí wọ́n ń fi bo kíbọ́ọ̀dù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á, bí ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé yóò pa ìmọ̀lára bọ́tìnnì, bí ẹ bá sì pa kọ̀ǹpútà dé láìyọ ọ́, ó lè ba ojú kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí ẹ dà bò ó nígbà tí ẹ kò bá lò ó ti tó. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ gbé e ní ìdàgẹ̀rẹ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá àárín àwọn bọ́tìnnì lọ sísàlẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ẹ má sì fi ọ̀bẹ hú bọ́tìnnì tó lẹ̀, nítorí pé apá àlùmọ́gàjí abẹ́ rẹ̀ kò nípọn ju èékánná lọ, bí ó bá sì ti kán, bọ́tìnnì náà kò ní dúró mọ́. Ẹ gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kí ẹ sì máa fi kíbọ́ọ̀dù oníwáyà ṣiṣẹ́ lọ títí wọn yóò fi dá a padà.